Nọ́ńbà Inú Ìwé, Àwòrán Ojú Ògiri

Ní ilẹ̀ Bùnú, ní ẹkùn Kabba, iṣẹ́ aṣọ híhun kì í ṣe iṣẹ́ àná. Kí aṣọ òyìnbó tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa hun aṣọ ní orí òfì tí ó dúró lóòró. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìyá àgbà nídìí irú òfì bẹ́ẹ̀ rí yóò ti ṣe àkíyèsí pé oríṣi òwú méjì ni iṣẹ́ náà dúró lé: òwú tí ó gùn lóòró, àti òwú tí ó gba ìbú kọjá. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni aṣọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé ìṣirò tí àwọn olùkọ́ òde òní ń lò nínú kọ̀ǹpútà ṣe rí, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ sí Excel. Ìlà òòró ń bẹ níbẹ̀, ìlà ìbú ń bẹ. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni àpótí kékeré kan wà tí a ń kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sí. Orúkọ àwọn àpótí náà pàápàá fi èyí hàn, nítorí pé B4 ni orúkọ ibi tí ìlà òòró B àti ìlà ìbú kẹrin ti pàdé.

Bí a ti ń kọ nọ́ńbà sínú àpótí kọ́ ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí. Ohun tí ó dá lé ni bí a ṣe ń gbé nọ́ńbà wọ̀nyí kúrò nínú ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo ń kà, tí a sì ń sọ wọ́n di àwòrán ní ojú sláìdì níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà kúkúrú yìí ni òtítọ́ ti sábà máa ń já bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń wo àwòrán lójú ògiri kò rí ìwé tí àwòrán náà ti jáde. Ohun tí a bá fi hàn án ni yóò gbà gbọ́, ohun tí ó bá sì gbà gbọ́ ni yóò fi ṣe ìpinnu.

Ká mú un pé olùkọ́ ìṣirò kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìtòsí Kabba. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí ó wá ṣàlàyé fún ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ bí iye ọmọ ṣe rí ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ kíláàsì tí yóò kọ́kọ́ gba yàrá tuntun. Olùkọ́ náà mú ìwé rẹ̀ dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á: JSS 1, 84, JSS 2, 71, JSS 3, 66, SS 1, 58. Kí ó tó dé SS 3, bàbá kan tí ó ti oko iṣu bọ̀ ti sùn lọ, ìyá kan sì ti ń wo bí oòrùn ṣe ń lọ. Àìgbọ́n kọ́. Etí kì í lè di nọ́ńbà mẹ́fà mú lẹ́ẹ̀kan náà kí ó sì fi wọ́n wéra. Ojú ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ náà bá na òpó mẹ́fà sí ojú ògiri, tí gíga òpó kọ̀ọ̀kan bá iye ọmọ kíláàsì rẹ̀ mu, kò sí àgbàlagbà tí kò ní rí i, ìbáà mọ̀wé, ìbáà má mọ̀ ọ́n, pé òpó àkọ́kọ́ ga ju gbogbo yòókù lọ.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ni ó kọ́ ènìyàn ní ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1786, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ń jẹ́ William Playfair tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nípa òwò àti owó ìlú. Ìlà ni ó fi ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwòrán rẹ̀, nítorí pé ó ní àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan òwò ilẹ̀ Scotland, àkọsílẹ̀ ọdún kan ṣoṣo ni ó rí, ìlà tí ń lọ sókè sódò kò sì lè ti inú ọdún kan ṣoṣo jáde. Ó wá na òpó fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ń bá Scotland ṣòwò. Òpó wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣáàtì olópòó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Playfair fúnra rẹ̀ kò kà á sí tó ti ìlà. Ní 1801 ni ó tún gbé ṣáàtì róbótó jáde, èyí tí a ń pín sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé àkàrà òyìnbó.

Ìtàn kejì sún mọ́ ilé ju ti Playfair lọ. Ní 1900, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní ìlú Paris, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti kó ohun ìwúrí wọn jọ. W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé ènìyàn dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Atlanta nígbà náà, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá a ṣiṣẹ́, fi ọwọ́ ya nǹkan bí 60 ṣáàtì, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn wọ́n, láti fi hàn bí ìgbé ayé àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ti rí láti ìgbà tí oko ẹrú ti parí níbẹ̀ ní 1865. Ọ̀kan nínú wọn sọ nípa ibi tí àwọn ènìyàn dúdú ìpínlẹ̀ Georgia ń gbé ní 1890. Àwọn tí ń gbé ìgbèríko ju 730,000 lọ. Àwọn tí ń gbé ìlú ńláńlá kò tó 80,000. Ìlà pupa tí ó dúró fún ará ìgbèríko gùn débi pé ṣe ni wọ́n wé e bí ìkarawun ìgbín sí àárín tákàdá náà. Kò sí ẹni tí yóò rí i tí yóò tún béèrè ibi tí àwọn ènìyàn náà pọ̀ sí. Ohun tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè tẹ̀ síwájú pọ̀ ní ayé ìgbà náà, Du Bois sì fẹ́ kí nọ́ńbà dá wọn lóhùn. Accra, ní ilẹ̀ Gánà, ni bàbá náà kú sí ní 1963.

Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ọ̀nà ti yá. Ní 1979 ni Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde, tí ìwé onílà òòró àti ìbú fi wọ inú kọ̀ǹpútà kékeré. Excel jáde ní 1985, PowerPoint ní 1987, ọdún kan náà tí Microsoft ra iléeṣẹ́ tí ó ṣe PowerPoint. Iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Du Bois fi ọwọ́ àti ọ̀dà ṣe ti di ohun tí ènìyàn ń fi ìka méjì ṣe. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń fi rúlà wọn òpó kọ̀ọ̀kan yóò ti ka nọ́ńbà rẹ̀ kí ó tó yà á. Ẹni tí ó ń fi ìka méjì ṣe é lè má kà á rárá.

Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ gbígbé, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ yíyàn, nítorí pé tábìlì kan náà lè bí àwòrán méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà bí wọ́n bá dárúkọ ilẹ̀ Ọ̀kun ní Ìpínlẹ̀ Kogi: Kabba/Bunu, Ijumu, Yagba East, Yagba West àti Mopa-Muro, láìgbàgbé àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí wọ́n wà lábẹ́ Lokoja. Nínú ètò ìkànìyàn ti 2006, tí ó jẹ́ èyí tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn, nǹkan bí 145,000 ènìyàn ni wọ́n kà ní Kabba/Bunu, nǹkan bí 44,000 ni wọ́n sì kà ní Mopa-Muro. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá na òpó méjì fún iye wọ̀nyí, òpó Mopa-Muro kò ní tó ìdá mẹ́ta òpó Kabba/Bunu. Ẹni tí ó bá wò ó yóò sọ pé Mopa-Muro dá páropáro, pé Kabba/Bunu sì kún fọ́fọ́.

Ṣùgbọ́n ìlà òòró mìíràn wà nínú tábìlì náà tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò mú, èyí tí ó sọ bí ilẹ̀ ti fẹ̀ tó. Ilẹ̀ Kabba/Bunu fẹ̀ tó nǹkan bí 2,700 kìlómítà níbùú lóòró. Ti Mopa-Muro jẹ́ nǹkan bí 900. Bí a bá pín ènìyàn sí ilẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 54 ni ó bọ́ sí orí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní Kabba/Bunu, 49 sì ni ní Mopa-Muro. Òpó méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba wàyí! Èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì? Òtítọ́ ni wọ́n méjèèjì. Bí ìbéèrè bá jẹ́ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ó kó lọ, òpó àkọ́kọ́ ni kí a wò. Bí ó bá jẹ́ bí ènìyàn ti fún pọ̀ tó lórí ilẹ̀ oko, èkejì ni. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè tí ó fẹ́ dáhùn, kí ó má tíì fọwọ́ kan ṣáàtì.

Irú ṣáàtì náà gba ìrònú, ṣùgbọ́n kò gba ariwo. Òpó dára fún fífi ohun kan wé òmíràn. Ìlà dára fún ohun tí ń yí padà bí ìgbà ti ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Kabba tí ó ń wọn òjò lóṣooṣù yóò fi ìlà hàn bí òjò ti ń gbéra láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí yóò fi dá ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Ṣáàtì róbótó wà fún ohun odindi kan tí a pín, kò sì wà fún ohun mìíràn. Ibi tí àwọn olùkọ́ ti sábà máa ń ṣìṣe nìyí. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí 55 yege nínú ìṣirò, tí 64 sì yege nínú Yorùbá, àròpọ̀ wọn jẹ́ 189. Bí wọ́n bá kó wọn sínú ṣáàtì róbótó, kọ̀ǹpútà yóò yà á láìjanpata, yóò sì pín ọmọ kan náà sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ìmọ́tótó tábìlì ni ó kàn. Kí ìlà ìbú àkọ́kọ́ jẹ́ àkọlé, kí ìlà òòró àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ohun tí a kà, kí nọ́ńbà sì wà nínú àwọn yòókù láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ “84 ọmọ” sínú àpótí ti sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀, òpó rẹ̀ yóò sì di òfo. Bákan náà ni ẹni tí ó fi lẹ́tà O rọ́pò òdo. Excel tún ní ìwà kan tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀: bí ènìyàn bá kọ 3/4 láti fi sọ pé ọmọ gba mẹ́ta nínú mẹ́rin, yóò rò pé ọjọ́ inú oṣù ni, yóò sì yí i padà láìtọrọ àṣẹ. Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń ṣe ìwádìí nípa àbùdá inú ara ènìyàn jìyà rẹ̀ títí, nítorí pé orúkọ àwọn àbùdá kan jọ orúkọ oṣù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí yóò fi di 2020, orúkọ àbùdá náà ni wọ́n yí padà, wọn kò rí Excel yí.

Lẹ́yìn èyí ni yíyan àpótí tí yóò wọ inú ṣáàtì. Kí a ṣọ́ra fún ìlà àròpọ̀. Bí olùkọ́ bá fi ìlà “Gbogbo rẹ̀” mọ́ àwọn kíláàsì mẹ́fà nígbà tí ó ń yàn, òpó keje yóò yọ bí igi ọ̀pẹ láàárín ẹ̀gbẹ́, àwọn mẹ́fà yòókù yóò sì di kúkúrú lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àṣìṣe yìí rọrùn láti rí. Òdìkejì rẹ̀, kí a má yan gbogbo ìlà tán, ni ó ṣòro láti rí, òun ni ó sì gbé àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ṣubú. Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, àwọn ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ ìwé kan pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ti pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé rẹ̀ a máa dín kù gan-an. Àwọn olóṣèlú ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbé ìwé náà lọ́wọ́ láti fi gbè lẹ́yìn ètò dídín ìnáwó ìjọba kù. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, gba ìwé Excel náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ó sì rí i pé nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò kan, àpótí tí wọ́n yàn kò dé ìsàlẹ̀: orílẹ̀-èdè 5 nínú 20 ni ó bọ́ sílẹ̀. Àléébù mìíràn wà nínú iṣẹ́ náà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé lórí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ọ́ gbà pé àṣìṣe ti Excel yẹn ṣẹlẹ̀. Kí a kíyè sí bí wọ́n ṣe rí i. Àwòrán àti tábìlì tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé kò lè fi í hàn. Ìgbà tí ìwé ìṣirò gan-an dé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó tó hàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìwé ìṣirò kan náà fa wàhálà tí ó kan ẹ̀mí. Irú fáìlì Excel àtijọ́ ni wọ́n fi ń kó èsì àyẹ̀wò jọ, irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbà ju ìlà ìbú 65,536 lọ. Nígbà tí ó kún, èsì tí ó kù kò rí àyè wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Àwọn ènìyàn 15,841 tí ó ti ní àrùn náà kò hàn nínú àwọn ṣáàtì tí ìjọba ń gbé jáde lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tètè wá àwọn tí wọ́n ti fara kàn. Ìlà orí ṣáàtì náà ń lọ geere. Ẹwà rẹ̀ kò dín.

Wàyí o, gbígbé fúnra rẹ̀. Nígbà tí ṣáàtì bá ti wà ní Excel, olùkọ́ yóò tẹ etí rẹ̀, yóò ṣe kọ́pì rẹ̀ nípa títẹ Ctrl pẹ̀lú C, yóò lọ sí ojú sláìdì, yóò sì tẹ Ctrl pẹ̀lú V. Àmì kékeré kan yóò yọ ní ẹ̀gbẹ́ ṣáàtì náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Inú àmì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta ni ṣáàtì lè gbà wọ ojú sláìdì, wọn kò sì jọra, bí ojú wọn tilẹ̀ jọra.

Bí ènìyàn kò bá yan ohunkóhun, ọ̀nà tí PowerPoint sábà máa ń gbà ni ti ìsopọ̀. Ṣáàtì yóò wà lójú sláìdì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ yóò dúró sí inú ìwé Excel níbi tí ó wà, okùn tí ojú kò rí ni yóò sì so wọ́n pọ̀. Èyí dára púpọ̀ fún iṣẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí padà. Ṣùgbọ́n ká padà sọ́dọ̀ olùkọ́ ìṣirò tí a mú bí àpẹẹrẹ. Ó ya òpó mẹ́fà rẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ sláìdì, ó sì kó sláìdì náà sínú fúláàṣì. Ìwé Excel dúró sí inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ilé. Lẹ́yìn náà, ọmọ mẹ́tàlá forúkọ sílẹ̀ pẹ́ ní JSS 1, ó sì ṣàtúnṣe ìwé rẹ̀ láti 84 sí 97. Ní ọjọ́ ìpàdé, ó ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Ṣáàtì yọ, ó dára, kò sí àmì pé ohunkóhun bàjẹ́. Ṣùgbọ́n 84 ni ó wà lórí rẹ̀. Okùn ti já, sláìdì sì ń fi ohun tí ó rí kẹ́yìn hàn. Ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ JSS 1 dìde, ó ní, “Tíṣà, ẹ dákun, àwo mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni èmi ń bù lọ́sàn-án.” Olùkọ́ fẹ́ ṣí nọ́ńbà rẹ̀ láti fi hàn, kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé òun kò rí fáìlì náà.

Ẹni tí yóò lo ìsopọ̀, inú àpò kan náà ni kí ó fi sláìdì àti ìwé Excel sí, kí ó sì máa gbé àpò náà lọ ní odindi. Bí ó bá dé ibi tí ó ń lọ, kí ó wá ibi tí PowerPoint to àwọn ìsopọ̀ sí, lábẹ́ File, kí ó sì tọ́ka ibi tuntun tí ìwé náà wà. Èyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n kí ó ṣe é kí àwọn ènìyàn tó jókòó.

Ọ̀nà kejì ni kí ìwé Excel wọ inú sláìdì pẹ̀lú ṣáàtì. Okùn kò lè já mọ́, nítorí pé ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ọ̀nà yìí, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n gbé. Kì í ṣe nọ́ńbà mẹ́fà tí ó wà nínú ṣáàtì nìkan ni ó wọlé. Gbogbo ìwé náà ni, pẹ̀lú gbogbo ojú ewé rẹ̀. Bí orúkọ àwọn ọmọ àti máàkì wọn bá wà ní ojú ewé kejì, bí nọ́ńbà fóònù àwọn òbí bá wà ní ẹ̀kẹta, tí gbèsè owó ilé ìwé sì wà ní ẹ̀kẹrin, gbogbo rẹ̀ ti bá ṣáàtì lọ. Ẹnikẹ́ni tí olùkọ́ bá fi sláìdì náà ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp lè tẹ ṣáàtì náà, kí ó ní òun fẹ́ tún nọ́ńbà ṣe, gbogbo ìwé náà yóò sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Fífi ojú ewé pa mọ́ kò tó, nítorí pé ẹni tí ó pa á mọ́ àti ẹni tí yóò tú u síta ń lo bọ́tìnnì kan náà. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Kò sì yẹ kí a dúró de òfin kí a tó mọ̀ pé kò dára kí gbogbo ìlú mọ òbí tí kò tíì san owó ilé ìwé. Ohun tí ó yẹ ni kí olùkọ́ ṣí ìwé Excel tuntun, kí ó kọ iye kíláàsì mẹ́fà sí i láìsí ohun mìíràn, kí ó ya ṣáàtì níbẹ̀, kí ó tó gbé e.

Ọ̀nà kẹta ni kí ṣáàtì wọlé bí fọ́tò lásán. Kò ní nọ́ńbà nínú, kò ní okùn, kò sì lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìta, ọ̀nà yìí ni ó bá a mu jù. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a bá fà á tóbi, ojú rẹ̀ lè ṣú, àti pé ẹni tí ó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà wọlé tún un ṣe. Nítorí náà, kí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ ibi tí nọ́ńbà ti wá àti ọjọ́ tí a kà á. Àwọn kan wà tí wọ́n kì í gbé ohunkóhun láti Excel, tí wọ́n ń ní kí PowerPoint fúnra rẹ̀ ya ṣáàtì, tí wọ́n sì ń tún nọ́ńbà tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. PowerPoint yóò kọ́kọ́ fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá pa á rẹ́ tán yóò bá òpó àlejò láàárín òpó tirẹ̀. Àtúntẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rẹ́ òtítọ́, nítorí pé ìka tí ó ti rẹ̀ lè sọ 79 di 97.

Nígbà tí ṣáàtì bá ti gúnlẹ̀, iṣẹ́ kan ṣẹ́ kù tí ó ju ti àwọ̀ lọ: kí a wo ibi tí òpó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún bá yege lọ́dún tó kọjá, tí 66 yege lọ́dún yìí, ìtẹ̀síwájú díẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ ṣáàtì bá bẹ̀rẹ̀ láti 60 dípò òdo, òpó kan yóò ga ní ìwọ̀n méjì, èkejì ní mẹ́fà, àwọn òbí yóò sì pàtẹ́wọ́ fún ìlọ́po mẹ́ta tí kò ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó yan ibẹ̀ yẹn, olùkọ́ kò sì ní èrò búburú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n orúkọ olùkọ́ ni ó wà lórí sláìdì. Ìlà lè bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn, nítorí pé rírìn rẹ̀ ni a ń wò. Òpó, gíga rẹ̀ ni a ń wò, ilẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó ti gùn wá.

Ní ti àwọ̀, kí a rántí pé àwọn kan kò lè fi pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, àti pé ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sí ojú ògiri kì í lágbára tó ní gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ọ̀sán. Kí nọ́ńbà wà lórí òpó gan-an, kí lẹ́tà tóbi débi tí ẹni ẹ̀yìn pátápátá yóò fi rí i kà. Kí a tún tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní dúdú àti funfun, nítorí pé iná lè lọ, ẹ̀rọ amúnáwá sì lè kọ̀.

Ní ìpàdé kejì, ká sọ pé olùkọ́ náà kó sláìdì àti ìwé kékeré onílà méje rẹ̀ wá nínú àpò kan ṣoṣo, ó sì tọ́ka wọn sí ara wọn kí àwọn ènìyàn tó dé. Ó ṣí ìwé náà ní ojú gbogbo ènìyàn, ó pa 84 rẹ́, ó kọ 97, ó sì ní kí ṣáàtì tún nọ́ńbà rẹ̀ mú. Òpó JSS 1 gùn sókè lójú ògiri. Bàbá tí ó sùn ní ọjọ́sí ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá àwọn mẹ́tàlá tí wọ́n pẹ́ dé náà ti ní àga. Wọn kò tíì ní. Ìpàdé fi yàrá tuntun sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ètò ẹni tí yóò gbé pákó wá.